Òrùlé Ọlọ́dà Lẹ́wà, Ṣùgbọ́n Òjò Ni Yóò Dán An Wò

Ní àwọn àdúgbò tuntun ní Kútọnu àti ní Èkó, irú òrùlé kan wà tí kò jọ páànù rárá. Ojú rẹ̀ rí bí iyanrìn. Wọ́n tò ó léra bí ìpẹ́ ẹja, láti ìsàlẹ̀ dé góńgó. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní shingle. Ọ̀dà irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì wà nínú rẹ̀, nítorí náà páálí ọlọ́dà ni yóò máa jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ tí wọ́n lọ kí ẹbí ní ìlú ńlá ti ń rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè bóyá kí àwọn náà fi bo ilé tí àwọn ń kọ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè náà tọ́, nítorí owó àjọ ọdún púpọ̀ ni ó máa ń wọlé sínú òrùlé kan. Fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tó ń béèrè, ìdáhùn náà ni pé kí wọ́n má rà á. Kì í ṣe pé ohun náà kò dára. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á ni ó pọ̀ jù.

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ní agbègbè Àjàṣẹ́, òjò máa ń rọ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún: ìgbà gígùn láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àti ìgbà kúkúrú láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju mílímítà 1,000 lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́lé mọ ohun tí iye yìí túmọ̀ sí. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ibi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí òró rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1, omi lítà 1 ni. Bí àpẹẹrẹ, ilé kan gùn ní mítà 10, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 8. Etí òrùlé rẹ̀ yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ibi tí òrùlé náà bò yóò jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 103. Bí òjò ńlá kan ṣoṣo bá rọ̀ ní mílímítà 50 ní ọ̀sán ọjọ́ kan, omi tó lé ní lítà 5,000 ni yóò dà sórí ilé yẹn. Àgbá lítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yóò kún, omi yóò sì ṣẹ́ kù. Omi yẹn kò wá wo ẹwà òrùlé. Ihò ni ó ń wá.

Amẹ́ríkà ni páálí ọlọ́dà ti wá. Ní ọdún 1903, ní ìlú Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan, Henry Reynolds bẹ̀rẹ̀ sí í gé òrùlé ọlọ́dà, tí wọ́n ń tà ní kíká bí ẹní, sí ègé kéékèèké. Lóde òní, okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń wà ní àárín páálí náà. Wọn a fi ọ̀dà gbígbóná bò ó, wọn a sì fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí kí oòrùn má baà ba ọ̀dà náà jẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ yìí ni ààbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣí kúrò, ọ̀dà yóò gbẹ, yóò sì sán. Ilé onípákó ló pọ̀ ní Amẹ́ríkà, pákó ni wọ́n sì fi ń tẹ́ orí ilé kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí náà kò jìnnà sí wọn. Bí ó bá tó nǹkan bí ogún ọdún, wọn a ṣí i kúrò, wọn a sì fi tuntun bò ó. Lọ́dọ̀ wọn, ó rọrùn, kò sì wọ́n.

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Páànù lè dúró lórí igi tí àlàfo wà láàárín wọn, nítorí irin ni. Páálí ọlọ́dà rọ̀, kò lè dá dúró. A ní láti fi pákó tẹ́ gbogbo orí ilé pátápátá kí ó tó ní ibi tí yóò sùn lé. Pákó ìpele-ìpele tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń pè ní contreplaqué ni wọ́n sábà ń lò. Lẹ́yìn pákó, a ó tún tẹ́ ìwé ọlọ́dà kan sí abẹ́ páálí, kí omi tó bá ráyè wọlé má baà kan pákó. Nítorí náà, ẹni tó rò pé òun ń ra òrùlé kan ń ra mẹ́ta: pákó, ìwé abẹ́ àti páálí. Oníṣòwò tó ń polówó sábà máa ń sọ iye owó ẹ̀kẹta nìkan.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òrùlé ilé tí a mẹ́nu kàn lókè, nígbà tí ó bá ti dà gẹ̀rẹ́ níwọ̀nba, yóò tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 110. Bí wọ́n bá fi páànù alumíníọ̀mù tó nípọn ní ìdajì mílímítà bò ó, gbogbo páànù náà yóò wọ̀n tó nǹkan bí kílò 200. Bí ó bá jẹ́ páálí ọlọ́dà ni, páálí nìkan yóò ju kílò 1,000 lọ, pákó abẹ́ rẹ̀ kò sì tíì sí nínú ìṣirò náà. Ẹkẹ́ tó lè gbé kílò 200 lè má lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Igi tó nípọn ni yóò gbà, igi gidi sì ti di ọ̀wọ́n.

Ohun tó yẹ kó ba onílé lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pákó abẹ́. Ilẹ̀ ikán ni ilẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀. Bí omi bá kán sórí páànù nípasẹ̀ ihò ìṣó, yóò kán sílẹ̀ nínú yàrá, onílé yóò sì rí i ní ọjọ́ náà gan-an. Bí omi bá wọ abẹ́ páálí ọlọ́dà, pákó yóò mu ún. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Pákó yóò máa wú, ìpele rẹ̀ yóò máa tú kúrò lára ara wọn, ikán yóò sì gbọ́ òórùn ọ̀rinrin. Nígbà tí omi bá fi máa kán sórí ibùsùn, ẹni tó gun òkè láti tún un ṣe lè jìn sínú yàrá.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí, irú èyí tó wà ní etí òkun níhìn-ín, ìlà dúdú máa ń yọ sára páálí ọlọ́dà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ kan ló ń hù sára rẹ̀, tí ó ń jẹ òkúta ẹfun inú páálí náà. Kì í mú kí òrùlé jò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹwà tí wọ́n torí rẹ̀ rà á ti lọ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe páálí ti ń da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi bàbà bò mọ́ ọn láti dènà rẹ̀. Èyí tó ní bàbà nínú sì wọ́n jù.

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí páálí ọlọ́dà. Ohun kan wà tí páànù kò lè bá a dù: ariwo. Gbogbo olùkọ́ tó ti kọ́ni lábẹ́ páànù mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òjò bá dé, ẹ̀kọ́ parí. Àwọn ọmọ a máa wo ẹnu olùkọ́ láìgbọ́ ohun kan. Lábẹ́ páálí ọlọ́dà, òjò a máa rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹni tó ń sùn kò ní jí. Kì í dípẹtà. Bí wọ́n bá kàn án dáadáa, tí oòrùn sì yọ́ ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ mọ́ èkejì, ó ń di ara rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n àjà tó dára lábẹ́ páànù a máa dín ariwo náà kù púpọ̀, a sì máa dín ooru kù pẹ̀lú. Owó àjà kéré sí owó pákó tí yóò bo gbogbo orí ilé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn tó ń tà á ní ìlú ńlá kì í rántí, nítorí omi ẹ̀rọ wà nílé wọn. Lórí ilẹ̀ gíga Kétu, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an. Ọ̀pọ̀ agboolé ló ń gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí páànù sínú kòtò onísìmẹ́ńtì, omi yẹn ni wọ́n sì ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, òrùlé kì í ṣe fìlà ilé nìkan, kànga ni. Bí òjò ọdún kan bá jẹ́ mílímítà 1,000, ilé tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ yìí yóò gba omi lítà 103,000. Bí ìdajì rẹ̀ tilẹ̀ ṣòfò, lítà tó ju 50,000 lọ ṣì kù. Ta ni yóò fẹ́ kí omi yẹn gba orí ọ̀dà àti bàbà kọjá kí ó tó dé inú ìkòkò? Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ṣí kúrò lára páálí yóò tún máa kún inú gọ́tà. Ojú irin tó ń dán ni omi mímu bá mu, bí wọ́n bá jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ fọ eruku rẹ̀ dànù kí wọ́n tó ṣí ẹnu kòtò. Nítorí ìdí kan ṣoṣo yìí, kò yẹ kí ẹni tó ń gbé ní Kétu tí ó sì ń mu omi òjò ronú nípa páálí ọlọ́dà rárá.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ nípa páànù fúnra rẹ̀, nítorí gbogbo páànù kọ́ ni páànù. Ní ọdún 1837 ni Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀nà tí ó fi ń fi síǹkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Páànù onísíǹkì tó bo ìlú gbogbo lónìí ti ibẹ̀ wá. Síǹkì ni aṣọ irin náà. Bí aṣọ náà bá fẹ́lẹ́, kò ní pẹ́ tí irin yóò fi wà ní ìhòhò. Ní etí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ tún ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí páànù alumíníọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní bac alu, fi dára jù fún ẹni tó ń kọ́lé ní apá ibẹ̀, bí apá rẹ̀ bá ká a. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀tá: sìmẹ́ńtì tútù a máa jẹ ẹ́, bàbà a sì máa bà á jẹ́. Kí bíríkìlà má ṣe fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí páànù alumíníọ̀mù ti pàdé ògiri láìfi nǹkan là wọ́n láàárín.

Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ onílé jẹ jù ni ọ̀rọ̀ bí páànù ṣe nípọn tó. Wọn a kọ ọ́ báyìí: 35/100, tàbí 40/100, tàbí 50/100. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, páànù náà nípọn tó ìdá márùndínlógójì nínú rẹ̀, tàbí ogójì, tàbí àádọ́ta. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ṣe tóbi tó ni páànù ṣe nípọn tó. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ 35 àti 40 hàn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti kùn ún ní àwọ̀ tó wuni. Ẹni tí kò lè kà á yóò san owó 50, yóò sì gbé 35 lọ sílé. Ìyàtọ̀ náà yóò fara hàn ní ọjọ́ tí ìjì bá kọ́kọ́ jà ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, nígbà tí páànù bá ń ya kúrò ní ìdí ìṣó bí ìwé.

Ìbú pẹ̀lú ní ẹ̀tàn nínú. Páànù méjì ní láti gun ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kí omi má baà wọ àárín wọn. Nítorí náà, ìbú tí páànù kan ní kọ́ ni ìbú tí ó ń bò lórí ilé. Ẹni tó bá fi ìbú àkọ́kọ́ ṣe ìṣirò yóò ra páànù tí kò ní tó. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò fẹ́ bínú sí ọ̀gá rẹ̀ yóò wá fa páànù náà gbẹ̀rẹ̀, yóò dín bí wọ́n ṣe ń gun ara wọn kù, òjò yóò sì rí ojú ọ̀nà.

Àwọn baba ńlá tí wọ́n ń fi koríko bẹẹrẹ bo ilé mọ ohun kan tí àwọn ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan lónìí ti gbàgbé. Òrùlé koríko a máa ga ṣóńṣó, nítorí bí omi bá dúró nínú koríko, yóò jẹrà. Lónìí, àṣà tó gbòde ni kí wọ́n mọ ògiri ga yí orí ilé ká, kí wọ́n sì fi páànù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Láti òpópónà, ilé náà dà bí ti olówó. Nígbà òjò, inú rẹ̀ dà bí agbada: ewé yóò dí ojú gọ́tà, omi yóò dúró, yóò wá ìsopọ̀ páànù rí, yóò sì gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀. Kò sí páànù, kò sí páálí, kò sí ọ̀dà tó lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe páálí ọlọ́dà fúnra wọn kọ ọ́ pé kí wọ́n má lò ó lórí òrùlé tí kò ga ní sẹ̀ǹtímítà 17 ó kéré tán fún mítà kọ̀ọ̀kan, àti pé bí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 33, ìwé abẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpele méjì. Fún páànù, sẹ̀ǹtímítà 20 fún mítà kan kì í ṣe àpọ̀jù. Okùn, ọ̀pá mítà àti ojú tó mọ nọ́ńbà kà tó láti wọ̀n ọ́.

Etí òrùlé náà, kí ó yọ síta. Sẹ̀ǹtímítà 60 dára. Fún ilé alámọ̀, kò ṣeé ṣe láìsí i, nítorí òjò tó ń gbá ògiri amọ̀ lójú ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ ni. Òtítọ́ ni pé etí gígùn ni ìjì ń kì mọ́lẹ̀ láti abẹ́ láti fi ṣí òrùlé. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fi irin de ẹkẹ́ mọ́ ògiri, kí wọ́n má sì ṣe fi ìṣó ṣahun. Kí wọ́n kan ìṣó sórí ibi tó yọ lára páànù, kì í ṣe sínú kòtò tí omi ń gbà, kí rọ́bà sì wà lábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan.

Ta wá ni páálí ọlọ́dà tọ́ sí? Ó tọ́ sí ẹni tó ń gbé níbi tí omi ẹ̀rọ wà, tí òrùlé rẹ̀ ga dáadáa, tí ó lè san owó pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, owó ìwé abẹ́ àti owó oníṣẹ́ tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Kí ó sì ra àpò mélòó kan sí i pamọ́, nítorí bí ìjì bá ya mẹ́ta dànù lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó lè má rí àwọ̀ kan náà rà mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Ilé rẹ̀ yóò sì dára. Ìṣòro ń bẹ fún ẹni tí owó rẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, tí ó wá fò ìwé abẹ́, tí ó ra pákó tó fẹ́lẹ́ jù, tí ó sì bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà pé kí ó fi ìṣó méjì sí ibi tó yẹ kí ó fi mẹ́rin. Owó kan náà ìbá ra páànù alumíníọ̀mù tó nípọn, àjà àti gọ́tà.

Oṣù kejìlá dé oṣù kejì ni ó dára jù láti ra ohun òrùlé, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, kí ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó dí. Kí ẹni tó ń ra páànù sọ fún oníṣòwò pé kí ó kọ ohun mẹ́ta sórí ìwé ẹ̀rí kí òun tó kówó sílẹ̀: irú irin tó jẹ́, bí ó ṣe nípọn tó, àti ìbú tí páànù kọ̀ọ̀kan ń bò. Kí ó kà á níbẹ̀, lójú oníṣòwò, kí wọ́n tó gbé páànù sínú ọkọ̀. Kí ó sì tọ́jú ìwé náà títí òjò ọdún méjì àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀ kọjá.